Ìlera Ìfun Ajá: Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ìgbẹ́ Rẹ̀ Wò Kí A Tó Fún Un Lóògùn

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé wa, a lè ka ajá mọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ oko. Òun ni ó ń lé ọ̀yà kúrò nínú oko pákí, òun ni ó ń ṣọ́ ilé àti àká lóru, òun náà sì ni ọdẹ gbójú lé nígbà tí ẹran bá sá wọ inú igbó dídí. Síbẹ̀, bí ewúrẹ́ bá ń ṣu gbuuru, a ó sáré pe dókítà ẹran, bí adìyẹ bá kú méjì lọ́jọ́ kan, a ó ké gbàjarè, ṣùgbọ́n bí inú ajá bá bàjẹ́, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé, "Ajá ni, ó ti lọ jẹ nǹkan ní ààtàn." A ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí a rán ọmọ lọ ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn, kí a tú u sínú ẹ̀kọ, kí a sì máa retí ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ara ajá náà a yá. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òkú rẹ̀ ni a ó bá ní ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọdẹ sọ dá lórí ìfun ajá, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ń gbé inú rẹ̀, àti bí a ṣe lè ti ara ìgbẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá. Oríṣi àyẹ̀wò ìgbẹ́ méjì ni ó kàn wá. Ọ̀kan ti wà tipẹ́. Omi iyọ̀ àti awò amúhuntóbi ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì wà ní àrọ́wọ́tó wa. Èkejì jẹ́ tuntun; òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é jù, òkìkí rẹ̀ sì ti ń kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sin ajá ní àwọn ìlú ńlá wa. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, kí ó má baà náwó rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ.

Àwọn tí ń gbé inú ìfun

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe ògì rí mọ̀ pé a kì í da ohun kíkan sí i. Àgbàdo àti omi ni a fi sínú ìkòkò. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni pákí tí a rẹ sómi fún fùfú ṣe ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹmu tí ó dùn ní òwúrọ̀ ṣe ń le ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí ni gbogbo èyí. Irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bakitéríà, kún inú ìfun gbogbo ẹran. Àwọn ni ó ń bá màlúù àti ewúrẹ́ tí ń jẹ àpọ̀jẹ sọ koríko gbígbẹ di oúnjẹ ara.

Ajá kì í jẹ àpọ̀jẹ, ìfun rẹ̀ sì kúrú púpọ̀ sí ti ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò wọ̀nyí wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Nínú ìgbẹ́ ajá tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, iye wọn ju iye gbogbo ènìyàn tí ó wà lórí ilẹ̀ ayé lọ. Ìfun ńlá ni wọ́n pọ̀ sí jù. Wọ́n ń jẹ ìyókù oúnjẹ tí kò dà nínú ajá, wọ́n sì ń sọ ọ́ di èròjà tí ń bọ́ awọ inú ìfun fúnra rẹ̀. Wọ́n tún gba àyè tí kòkòrò àrùn ìbá gbà: bí ilé bá ti kún fún onílé, àlejò búburú kò ní rí ibi tẹ́ ẹní sí.

Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣe tí ó yani lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀ ajá a máa tú òróòro sínú ìfun kí ọ̀rá tí ajá jẹ lè dà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú òróòro náà ni ara ń gbà padà, ṣùgbọ́n díẹ̀ a máa ṣàn dé ìfun ńlá. Níbẹ̀ ni bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clostridium hiranonis ti ń yí i padà sí oríṣi mìíràn, oríṣi tuntun yìí ni kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò búburú kan pọ̀ sí i. Bí bakitéríà yìí bá pa run, òróòro náà yóò wà ní tútù bí ó ṣe ti inú ẹ̀dọ̀ wá, ó sì lè sọ ìgbẹ́ ajá di omi. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ kápúsù.

Àwọn kan ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa nígboro pé ajá kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀bà tàbí àmàlà, pé ẹran nìkan ni Ọlọ́run dá fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Swídìn fi hàn pé àbùdá tí ń mú kí oúnjẹ bí iṣu, àgbàdo àti ọkà dà nínú ajá pọ̀ ju ti ìkookò tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ lọ: ẹ̀dà 2 ni ìkookò ní, nígbà tí àwọn ajá ní láti 4 títí dé 30. Ajá igbó ilẹ̀ Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní dingo, tí kò bá àgbẹ̀ gbé, kò ju 2 náà lọ. Gbígbé tí ajá ń bá ẹ̀dá tí ń dáko gbé ni ó sọ inú rẹ̀ di inú àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà nìkan kò tó o. Ó ń fẹ́ ẹja, ẹran tàbí ẹyin sí i, pàápàá ajá ọdẹ àti abo tí ó lóyún. Egungun adìyẹ tí a ti sè a máa fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Bí a bá sì fẹ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀ ni kí a yí i, ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn onílé inú ìfun lè mọ́ ọn lára.

Aràn ni kí a kọ́kọ́ fura sí

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń gbé inú ìfun ajá ni ó ń ṣe é lóore. Ní ilẹ̀ tiwa níbi, tí ojú ọjọ́ gbóná tí ilẹ̀ sì máa ń tutù nígbà òjò, aràn ni ó ń da inú ajá rú jù.

Àkọ́kọ́ ni aràn gbọọrọ funfun, Toxocara canis, tí gígùn rẹ̀ lè ju ìka ọwọ́ lọ. Àrékérekè rẹ̀ pọ̀. Ọmọ rẹ̀ a máa sá pamọ́ sínú ẹran ara abo ajá, kò ní hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ara ajá náà yóò sì máa dán. Ṣùgbọ́n bí abo náà bá lóyún, aràn yóò jí, yóò sì wọ inú àwọn ọmọ kí a tó bí wọn. A sì tún máa gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà ni a fi ń rí ọmọ ajá tí ikùn rẹ̀ yọ rogodo tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì hàn, tí a ó máa rò pé ó yó. Abo aràn kan lè yé tó 200,000 ẹyin lójúmọ́. Ẹyin náà kì í lè ran ènìyàn ní ọjọ́ tí ajá ṣu ú. Ó di ìgbà tí ó bá lo bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọdé tí ń ṣeré nílẹ̀ bá fi ọwọ́ erùpẹ̀ sẹ́nu, ọmọ aràn yóò máa rìn kiri nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá sì wọ inú ẹyinjú, ojú náà lè fọ́. Àgbàlá tí ọmọ ajá ti ń ṣu sí láti oṣù tí ó kọjá léwu ju irun ọmọ ajá tí ọmọ yín gbé mọ́ra lónìí lọ.

Èkejì kéré, kò tó ìdajì ìka, ṣùgbọ́n ó burú jù ú lọ. Ẹnu rẹ̀ ní eyín, ó ń fi bu awọ ìfun jẹ, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń mu. Orúkọ rẹ̀ ni Ancylostoma caninum. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ikán ń jẹ ilé: ọdẹ a máa rò pé ajá òun ti di ọ̀lẹ, nítorí pé kò lè sáré bí ti èṣí mọ́, kò sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tán lọ. Ẹ ká ètè ajá náà sókè kí ẹ wo èrìgì rẹ̀; bí èrìgì rẹ̀ bá jẹ́ dúdú láti ìbí, ẹ wo inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Bí ó bá funfun dípò kí ó pọ́n, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi dọ̀la. Ọmọ aràn yìí a máa gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ajá, ó sì ń bẹ nínú ọmú ìyá pẹ̀lú. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ a máa wọ awọ ẹsẹ̀ ènìyàn tí kò wọ bàtà, ibẹ̀ yóò sì máa yún ún gidigidi, ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ wíwọ́ yóò sì hàn lábẹ́ awọ náà.

Àwọn aràn pẹlẹbẹ ni ó kù. Ọ̀kan nínú wọn a máa já wẹ́wẹ́ bí hóró ìrẹsì mọ́ ìdí ajá. Inú àwọn kòkòrò kékeré tí ń fò nínú irun rẹ̀ ni ajá ti ń kó o nígbà tí ó bá ń fi eyín họ ara. Òmíràn wà tí ó kan àgbẹ̀ tí ń sin ewúrẹ́ gan-an. Ẹ̀yin tí ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹ ó ti rí àpò omi kan rí tí ó so rọ̀ mọ́ ọ̀rá inú tàbí mọ́ ẹ̀dọ̀ ẹran náà, tí ó mọ́ gaara, tí nǹkan funfun bí hóró kan ṣoṣo sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ aràn ni nǹkan funfun náà. Bí a bá jù ú sí ajá, yóò di aràn pẹlẹbẹ gígùn nínú ìfun rẹ̀. Ajá yóò ṣu ẹyin rẹ̀ sínú koríko, ewúrẹ́ yóò sì jẹ ẹ́ padà. Ọwọ́ àwa fúnra wa ni a fi ń gbé e yípo. Irú mìíràn tí ó fara jọ ọ́ tún ń ṣe àpò omi sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀, èyí sì lè wọ inú ènìyàn kí ó sì tóbi títí iṣẹ́ abẹ yóò fi di dandan. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá ní àpò omi nínú ẹran tí a pa, ẹ sun ún nínú iná tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ajá má baà lè hú u.

Àyẹ̀wò omi iyọ̀

Bí a bá da omi sí ẹ̀wà, èyí tí kòkòrò ti jẹ yóò léfòó, èyí tí ó dára yóò rì. Ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n ń lò ní yàrá àyẹ̀wò. Wọn a mú ìgbẹ́ díẹ̀, wọn a pò ó mọ́ omi tí wọ́n ti da iyọ̀ sí títí tí iyọ̀ kò fi lè yọ́ mọ́, wọn a sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi iyọ̀ náà wúwo ju ẹyin aràn lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ti rọ ọ́ kún ìgò kékeré dé ẹnu, tí wọ́n sì fi dígí pẹlẹbẹ bò ó, ẹyin aràn yóò gbéra láti ìsàlẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ dígí náà láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15. Dígí yìí ni wọ́n ń gbé sábẹ́ awò amúhuntóbi. Ẹyin oríṣi aràn kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀, ẹni tí ó mọṣẹ́ kò sì ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé oògùn aràn kan kò kápá gbogbo aràn. Piperazine tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà ń lé aràn gbọọrọ funfun, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Pyrantel àti fenbendazole lè kápá àwọn méjèèjì. Praziquantel ni oògùn aràn pẹlẹbẹ. Ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò lè máa ra oògùn ní oṣooṣù fún ọ̀tá tí kò sí nílé, kí ọ̀tá gidi máa mu ẹ̀jẹ̀ lọ. Èyí tí ó tún burú jù ni abẹ́rẹ́ ivermectin ti màlúù tí àwọn ènìyàn ń fún ajá. Ìwọ̀n tí màlúù ń gbà ti pọ̀ jù fún ajá, àwọn irú ajá kan tí wọ́n kó wá láti òkè òkun sì wà tí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Aràn tí kò tíì dàgbà kì í yé ẹyin. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹyin aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ tó hàn nínú ìgbẹ́, ọmọ ajá sì lè kú kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹyin àwọn aràn pẹlẹbẹ kì í sábà léfòó rárá. Hóró bí ìrẹsì tí ẹ bá rí ní ìdí ajá ni ẹ̀rí tiwọn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà. Nítorí èyí ni a kì í fi í dúró de àyẹ̀wò kí a tó fún ọmọ ajá ní oògùn aràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìgbẹ́ lọ fún àyẹ̀wò, kí ó mú èyí tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣu ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó bù ú láti òkè láìkan ilẹ̀, nítorí pé aràn inú erùpẹ̀ lè da àyẹ̀wò rú. Bí orí àtàǹpàkò ti tó. Kí ó fi sínú agolo kékeré tí ó ní ìdérí tàbí ọ̀rá tí kò jò, kí oòrùn má pa á, kí ó sì gbé e lọ ní ọjọ́ kan náà. Kí ó mọ ọjọ́ orí ajá, ohun tí ajá jẹ láti ọ̀sẹ̀ kan, àti oògùn tí a ti fún un. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí ní ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti ti Yunifásítì Ìlọrin. Dókítà ẹran tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín sì lè tọ́ yín sọ́nà sí èyí tí ó sún mọ́ yín.

Àyẹ̀wò tuntun tí ń ka kòkòrò

Àyẹ̀wò kejì kò wá ẹyin aràn. Àwọn onílé inú ìfun ni ó ń kà. Nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò lè yè níta ìfun, àwọn onímọ̀ kì í wá wọn láàyè. Èròjà àbùdá wọn, tí a ń pè ní DNA, ni wọ́n ń yọ láti inú ìgbẹ́, èyí sì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó wà nílé àti bí ó ti pọ̀ tó. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Texas A&M ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde. Oríṣi bakitéríà 7 ni wọ́n yàn, Clostridium hiranonis tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú sì wà nínú wọn. Wọ́n ka ìwọ̀nyí pẹ̀lú àpapọ̀ gbogbo bakitéríà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí nọ́ńbà náà bá wà nísàlẹ̀ òdo, ìfun dára. Bí ó bá ju 2 lọ, nǹkan ti bàjẹ́. Èyí tí ó wà láàárín, kí a máa ṣọ́ ọ.

Ìmọ̀ ńlá ni, a kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun ti ń ta irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ajá: yóò fi ìgbẹ́ ránṣẹ́, wọn yóò fi ìwé aláwọ̀ mèremère ránṣẹ́ padà, lẹ́yìn náà wọn yóò tún ta ìyẹ̀fun tí ajá yóò lá fún un. A kò rí ìdí tí àgbẹ̀ fi ní láti náwó sí i. Kò tíì sí àdéhùn láàárín àwọn onímọ̀ lórí ohun tí ìfun ajá tí ó pé gbọ́dọ̀ ní; ọ̀nà ìkà yàrá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìgbẹ́ kan náà sì lè gba èsì méjì. Àwọn ajá tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n náà kì í jẹ àmàlà àti eku igbó. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, nọ́ńbà náà lè sọ pé ilé dàrú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ó dà á rú. Ajá tí ó bá ti ń ṣu gbuuru ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí dókítà ti wá aràn àti àwọn àrùn mìíràn tì nínú rẹ̀, ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún, ní ọwọ́ dókítà.

Ohun tí ó wúlò fún wa jù nínú ìmọ̀ tuntun yìí ni ohun tí ó fi hàn nípa oògùn apakòkòrò. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde nípa àwọn ajá tí ara wọn le, tí wọ́n fún ní metronidazole fún ọjọ́ 14. Oògùn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Flagyl. Oògùn náà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé rere, iṣẹ́ yíyí òróòro padà sì dẹnu kọlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti dá oògùn dúró, gbogbo nǹkan kò tíì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń fún ajá ní kápúsù nítorí ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan dàbí ẹni tí ó da omi híhó sínú ìkòkò ògì nítorí pé eṣinṣin kan bà sí i. Ìgbẹ́ gbuuru tí ìbá dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì lè wá di èyí tí ń lọ tí ó ń bọ̀ fún oṣù kan. Àwọn kòkòrò àrùn tí ó bá yè nínú rẹ̀ yóò sì di èyí tí oògùn kò ràn mọ́, inú ilé kan náà ni àwa àti ajá sì jọ ń gbé. Oògùn wọ̀nyí ní ọjọ́ tí wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó mọ ọjọ́ náà.

Ní ilẹ̀ Bràsíílì, wọ́n dán ohun kan wò tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, tí yóò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ọmọ ajá 66 ni àrùn parvo mú. Wọ́n tọ́jú ìdajì bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú wọn. Fún ìdajì yòókù, wọ́n fi ìgbẹ́ ajá tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n pò mọ́ omi, gba ìdí wọ inú ìfun wọn ní àfikún sí ìtọ́jú náà. Ìgbẹ́ gbuuru tètè dá lára àwọn tí ó gbà á, wọ́n sì tètè kúrò ní ilé ìwòsàn. Nínú 33 tí kò gbà á, 12 kú; nínú 33 tí ó gbà á, 7 kú. Ìyàtọ̀ ikú yìí kò tíì tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn onílé inú ìfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ẹ má ṣe dán an wò nílé o. Wọ́n ti yẹ ìgbẹ́ ajá tí ó fi tọrẹ wò fínnífínní kí wọ́n tó lò ó. Bí aràn tàbí parvo bá wà nínú rẹ̀, ikú ni a fi gba ìdí wọlé.

Nígbà tí inú ajá bá bàjẹ́

Bí àgbà ajá bá ń ṣu gbuuru ṣùgbọ́n tí ó ń jẹun, tí ó sì ń jó ìrù, ẹ fún un ní omi mímọ́ díẹ̀díẹ̀ léraléra, ẹ fún un ní ìrẹsì àti ẹja bíbọ̀ tí kò ní ata àti àlùbọ́sà, kí ẹ sì wò ó fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí bí ó bá ń bì, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọ ajá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Parvo, tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1978, lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, oògùn aràn kò sì ràn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni odi rẹ̀: àkọ́kọ́ nígbà tí ọmọ ajá bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí a sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ajá tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti fún un lóògùn. Ó lè jẹ́ àrùn dìgbòlugi.

Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá ní àgbàlá lójoojúmọ́ kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀. Kì í ṣe ajílẹ̀ bí ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ, ẹ má ṣe dà á sí oko ẹ̀fọ́. Ní ti oògùn aràn, àgbà ajá ń fẹ́ ẹ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní ìwọ̀n bí ara rẹ̀ ṣe wúwo. Ẹni tí abo ajá rẹ̀ bá bímọ ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí ó sàmì sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lára kàlẹ́ńdà, kí ó fún àwọn ọmọ náà ní ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ yẹn. Kí ó tún fún wọn nígbà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ní oṣooṣù títí wọn yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń gba oògùn nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ọmú, kí ìyá wọn gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.